Ta ni a ó pè lẹ́jọ́ bí ọ̀sà bá wọlé? Òfin àgbáyé, òfin Nàìjíríà àti àyípadà ojú ọjọ́

Lára ògiri yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo mọ̀ dáadáa ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ní apá ibi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ọ̀nà ọ̀sà, ìlà mẹ́ta wà tó gún régé bí ẹni pé rúlà ni wọ́n fi fà á. Omi ló fà wọ́n. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ti àárín dé orúnkún, tòkè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí fèrèsé. Ẹja gbígbẹ ni ìyá tó ń gbé inú yàrá náà ń tà, orí búlọ́ọ̀kù ló sì gbé bẹ́ẹ̀dì àti fíríìsà rẹ̀ lé láti bí ọdún mélòó kan. Nígbà tí mo lọ kí i lẹ́yìn òjò ńlá kan, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi ẹlẹ́rẹ̀ síta, ó sì sọ fún mi láì dúró pé: "Ìwọ tó o kàwé yìí, wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò pé òfin wà fún ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ta ni kí n wá pè lẹ́jọ́ báyìí, ṣé òjò ni àbí ọ̀sà?"

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ yẹn, nítorí pé ìbéèrè ńlá ni. Òun gan-an ni àwọn adájọ́ ti ń bá fà á láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, láti Netherlands títí dé Pakistan, tó sì dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé nílùú The Hague. Òfin lórí àyípadà ojú ọjọ́ kò wọ́n mọ́. Ó wà ní àgbáyé, ó wà ní Àbújá, ó wà ní Aláùsá. Ohun tó wọ́n ni àtẹ̀gùn tí òfin náà yóò gbà sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí omi wọ ilé rẹ̀. Àtẹ̀gùn yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ tọ̀ wá sílẹ̀, kí a lè mọ ibi tó ti ṣe é gùn àti ibi tí pákó rẹ̀ ti yẹ̀.

Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí

Ìpìlẹ̀ òfin àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí ni àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní ọdún 1992, tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí níbi ìpàdé Rio de Janeiro ní Brazil, tí ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1994. Ọdún 1994 yẹn náà ni Nàìjíríà wọ inú rẹ̀. Àdéhùn náà kò pàṣẹ iye èéfín tí orílẹ̀-èdè kankan gbọ́dọ̀ dín kù. Ohun tó ṣe ni pé ó fi ìlànà kan lélẹ̀, èyí tí gbogbo àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e ṣì ń yí ká títí di òní: pé gbogbo wa la ni ẹrù náà, ṣùgbọ́n a kò ní rù ú dọ́gba. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ń sun èédú àti epo láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ńláńlá ti dé, tí wọ́n sì fi èyí di ọlọ́rọ̀, ni kó ṣíwájú. Èéfín tí Nàìjíríà ń tú sínú afẹ́fẹ́ lọ́dún kan kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orí ẹni tó dáná nìkan ni iná náà ń jó.

Ní ọdún 1997, àdéhùn Kyoto ní Japan fi iye pàtó lé orí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀. Ó tó ọdún 2005 kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, Amẹ́ríkà kò fi òfin gbà á wọlé rárá, Kánádà tó gbà á sì tún jáde. Ibẹ̀ ló parí sí.

Àdéhùn Paris, tí wọ́n fẹnu kò sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2015, gba ọ̀nà mìíràn. Ó sọ ohun tí gbogbo ayé fẹ́, ìyẹn ni pé kí ooru ayé má lé sí i ju ìwọ̀n Celsius 2 lọ rárá, kí a sì sapá kí ó má kọjá 1.5, tí a bá fi wé bó ṣe rí kí ilé iṣẹ́ ńláńlá tó dé. Lẹ́yìn náà ó ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlérí tirẹ̀, kí ó máa tún un kọ ní ọdún márùn-ún márùn-ún, kí ìlérí tuntun sì máa lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ó sì fi àṣẹ gbà á ní ọdún 2017. Nínú ìlérí tí a tún kọ ní ọdún 2021, a ní a ó fi agbára tiwa dín èéfín wa kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sí bí ì bá ti rí ní ọdún 2030, tí àwọn mìíràn bá sì ràn wá lọ́wọ́, ìdá 47.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé Àdéhùn Paris kò ní ìjìyà fún ẹni tó kùnà ìlérí. Kíkọ ìlérí jẹ́ dandan, jíjíhìn jẹ́ dandan, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá tí yóò wá gbé ẹni tí kò mú un ṣẹ. Amẹ́ríkà jáde ní ọdún 2020, ó padà ní 2021, ààrẹ Donald Trump sì tún pàṣẹ ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí wọ́n jáde. Ti ìyá ẹlẹ́ja ló wá dùn mí jù. Abala 8 àdéhùn náà mẹ́nu ba òfò àti àdánù tí àyípadà ojú ọjọ́ ń fà, ṣùgbọ́n nínú ìpinnu tí wọ́n ṣe pọ̀ mọ́ àdéhùn náà, wọ́n kọ ọ́ kedere pé abala yẹn kò fún ẹnikẹ́ni ní ìpìlẹ̀ láti béèrè owó gbà-má-bínú. Àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ kò bá tí fọwọ́ sí i láìsí gbólóhùn yẹn. Nígbà tí wọ́n wá fẹnu kò ní Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì ní ọdún 2022 pé kí wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún òfò àti àdánù, tí wọ́n sì ṣí i ní Dubai ní ọdún 2023, inú rẹ̀ ni ẹni tó bá wù ú yóò ti máa sọ owó sí. Mo dúpẹ́ pé ó wà. Ṣùgbọ́n ìtọrẹ ni, gbèsè sì yàtọ̀ sí ìtọrẹ: ẹni tó jẹ ọ́ ní gbèsè, o lè lọ bá a ní ilé, ẹni tó ń ta ọ́ lọ́rẹ, àfi kó o dúró dìgbà tó bá rántí rẹ.

Ohun tí àwọn adájọ́ wá sọ

Ohun tí àwọn olóṣèlú kò fẹ́ sọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn adájọ́. Ní ọdún 2019, àwọn ọ̀dọ́ ní yunifásítì tí àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì jọ ní bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn ìjọba wọn pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Vanuatu, orílẹ̀-èdè kékeré tí iye ènìyàn rẹ̀ kò tó ti ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo bíi Alímọ̀ṣọ́, gbà á gbọ́, ó sì gbé e kiri títí tí ìgbìmọ̀ gbogboogbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi gbà á wọlé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2023 láìsí ẹni tó ta kò ó. Orílẹ̀-èdè 96 àti àjọ àgbáyé 11 ló wá rojọ́ ní The Hague ní oṣù kejìlá ọdún 2024.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2025, àwọn adájọ́ 15 fẹnu kò lápapọ̀ láìsí ẹyọ kan tó yapa. Wọ́n ní kì í ṣe bí ó bá ti wu orílẹ̀-èdè ni yóò ṣe kọ ìlérí Paris rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí agbára rẹ̀ ká jù lọ, ìwọ̀n 1.5 sì ni kó fojú sùn. Wọ́n ní yàtọ̀ sí àdéhùn, òfin àṣà tó wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ohun tó ń ṣe nílé rẹ̀ ba ti aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ bàjẹ́bàjẹ́, nítorí náà jíjáde kúrò nínú àdéhùn kò mú ojúṣe kúrò lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àyíká tó mọ́ tó sì gbe ọmọ ènìyàn jẹ́ ohun tí àwọn ẹ̀tọ́ yòókù dúró lé. Wọ́n wá dé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò retí: orílẹ̀-èdè tó bá kùnà ojúṣe yìí, ì báà jẹ́ nípa wíwa epo, nípa fífún ilé iṣẹ́ níwèé àṣẹ láti wá a, tàbí nípa fífi owó ìjọba dín iye owó epo kù, lè jẹ̀bi lábẹ́ òfin àgbáyé, ó sì lè di dandan fún un láti san owó gbà-má-bínú, bí ẹni tó fara gbá a bá lè fi hàn pé okùn tó so ìwà náà mọ́ òfò náà hàn kedere.

Ìmọ̀ràn òfin ni èyí o, kì í ṣe ìdájọ́ láàárín olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́. Kò sí ẹni tí yóò fi í gba owó lọ́la. Àmọ́ agbẹjọ́rò èyíkéyìí ní Èkó lè ṣí i síwájú adájọ́ lónìí, kó ní ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ láyé gbà pé ó jẹ́ òfin nìyí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó ń rí sí òfin òkun, tó wà ní Hamburg ní Jámánì, ti kọ́kọ́ sọ pé èéfín tó ń mú ayé gbóná jẹ́ ìdọ̀tí tí a ń dà sínú òkun. Èyí kan ìlú tó jókòó sáàárín òkun àti ọ̀sà gbọ̀ngbọ̀n. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Áfíríkà náà ti gbé irú ìbéèrè yìí lọ síwájú ilé ẹjọ́ Áfíríkà ní Arusha ní ọdún 2025.

Ó yẹ kí a fi ọkàn sí i pé idà olójú méjì ni ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ epo yẹn. A lè fi í béèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè elépo ni àwa náà, gáàsì tí a ń sun dànù ní Niger Delta sì ń jó ní òru òní. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1979 ni pé láti ọjọ́ kìíní ọdún 1984, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sun gáàsì mọ́ láìgba àṣẹ. Àṣẹ náà ni wọ́n ń gbà láti ìgbà náà wá.

Kí a tó wọ ilé, mo fẹ́ mẹ́nu ba ẹjọ́ kan péré nínú àwọn tó ti wáyé lókè òkun, nítorí pé ó jọ tiwa. Ní Pakistan, àgbẹ̀ kan pe ìjọba rẹ̀ lẹ́jọ́ pé wọ́n kọ ìlànà dáadáa sílẹ̀ ní ọdún 2012 lórí àyípadà ojú ọjọ́, wọn kò sì ṣe nǹkan kan nípa rẹ̀. Kò béèrè pé kí wọ́n ṣe òfin tuntun. Ní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ gíga ìlú Lahore ní àìṣe náà tako ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti wà láàyè àti láti ní iyì, ó sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn. Wọn kò dá àgbẹ̀ náà lóhùn pé òjò ni kó lọ pè lẹ́jọ́.

Ilẹ̀kùn tó tì àti èyí tó ṣí ní Nàìjíríà

Ní tiwa, ìwé òfin ọdún 1999 ni ibi tí àtẹ̀gùn náà ti kọ́kọ́ yẹ̀. Abala 12 sọ pé àdéhùn tí Nàìjíríà bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò ní agbára òfin nílé títí dìgbà tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Ààrẹ lè fọwọ́ sí i lókè òkun kí ayé sì pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ tó wà ní Ìkòyí kò lè fi ìbuwọ́lù yẹn nìkan dájọ́. Abala 20 ní kí ìjọba dáàbò bo àyíká, omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, igbó àti ẹranko ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n inú orí kejì ìwé òfin ló wà, abala 6 sì ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ mọ́ orí kejì yẹn: ohun tí ìjọba yẹ kó máa lépa ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tí ará ìlú lè tìtorí rẹ̀ mú ìjọba lọ sílé ẹjọ́.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn agbẹjọ́rò wa kò dúró síbẹ̀, ó sì yẹ kí a máa yìn wọ́n fún un. Ní ọdún 1983, Nàìjíríà sọ Àdéhùn Ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn di òfin nílé, nítorí náà abala 12 kò lè dí i lọ́wọ́. Abala 24 àdéhùn náà sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára tó sì bá ìdàgbàsókè wọn mu. Ìlànà tí adájọ́ àgbà gbé jáde ní ọdún 2009 fún ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wá ka ẹ̀tọ́ inú àdéhùn yìí mọ́ àwọn tí a lè fi ọ̀nà kíákíá béèrè fún, ó sì ní kí ilé ẹjọ́ má ṣe lé ẹnikẹ́ni padà pé ọ̀rọ̀ kò kàn án, bí ó bá jẹ́ pé nítorí àwọn ẹlòmíràn tàbí gbogbo ìlú ló ṣe wá.

Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Benin ti dá Jonah Gbemre láre, ẹni tó ṣojú fún àwọn ará Iwherekan ní ìpínlẹ̀ Delta, nínú ẹjọ́ tí ó pe Shell àti NNPC lórí gáàsì tí wọ́n ń sun ní àdúgbò wọn. Adájọ́ ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè kò pé bí ènìyàn kò bá ní afẹ́fẹ́ tó mọ́ láti mí. Ìdájọ́ ńlá ni, wọ́n sì ń kà á ní yunifásítì káàkiri ayé. Iná náà kò kú nítorí rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ṣí ilẹ̀kùn mìíràn nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ kan tó ń ṣọ́ epo tó ń dà nù pe NNPC lórí odò tó bàjẹ́ ní Acha ní ìpínlẹ̀ Abia. Àwọn ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ti lé ẹgbẹ́ náà jáde pé odò kì í ṣe tiwọn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá. Láti ọjọ́ yẹn, kì í ṣe dandan kí ìyá ẹlẹ́ja nìkan dá rojọ́.

Lẹ́yìn náà ni òfin àyípadà ojú ọjọ́ gan-an wá dé. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, kété lẹ́yìn tó ti Glasgow dé, níbi tó ti ṣèlérí pé nígbà tó bá fi di ọdún 2060, èéfín tí à ń tú síta kò ní ju èyí tí igbó àti ilẹ̀ wa lè fà mu. Òfin náà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ààrẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ alága rẹ̀, ó dá àpò owó sílẹ̀, ó sì ní kí a máa pààlà sí èéfín orílẹ̀-èdè yìí bí ìgbà tí a bá ń ṣètò ìnáwó, ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, kí ó sì máa jíhìn lọ́dọọdún. Ẹ wo bí báǹkì, ilé epo àti ilé iṣẹ́ ti pọ̀ tó láti Marina dé Ìkẹjà, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan Èkó ju ibikíbi lọ.

Abala 34 ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ sórí. Ó fún ilé ẹjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹjọ́ ojú ọjọ́ tàbí ti àyíká wá síwájú rẹ̀ lágbára láti dá ẹni tó ń ba àyíká jẹ́ dúró, láti pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ ìjọba pé kó dìde ṣe ohun tó yẹ, àti láti ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí ó fara gbá a tààrà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ kúrò nínú ìpìlẹ̀ ẹjọ́ ní Paris, ó padà wá bá wa nílé. Bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ kì í lọ ké sí ẹnikẹ́ni kó wá. Àwa ni a ó gbé e lọ.

Òfin Aláùsá

Ìpínlẹ̀ Èkó ní agbára tirẹ̀. Ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ tí Èkó pe ìjọba àpapọ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pinnu pé ètò ìlú àti àṣẹ ilé kíkọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Orí èyí ni òfin ètò ìlú ọdún 2010 dúró lé, èyí tó ń sọ ẹni tó lè kọ́lé àti ibi tó lè kọ́ ọ sí. Òfin àyíká ọdún 2017 kó ọ̀pọ̀ òfin àtijọ́ pọ̀ sójú kan, láti orí ìdọ̀tí dídà sí gọ́tà títí dé omi ẹ̀gbin ilé iṣẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin de ike fóòmù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, èyí tí a máa ń rí tó léfòó lórí kànáà lẹ́yìn òjò. Ètò ojú ọjọ́ ìpínlẹ̀ náà fún ọdún 2020 sí 2025 fi ọdún 2050 ṣe òpin èéfín, ìyẹn ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ ni etí omi. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 kan náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pinnu pé ìjọba àpapọ̀ ló láṣẹ lórí ọ̀nà omi inú ilẹ̀, àjọ rẹ̀ ló sì ni ìwé àṣẹ níbẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ tí ìyá yẹn ń gbé wà lábẹ́ Aláùsá, omi tó ń wọlé tọ̀ ọ́ wà lábẹ́ Àbújá, ẹni tó ń wa iyanrìn lójú ọ̀sà tàbí tó ń da iyanrìn sí i láti fi ṣe ilẹ̀ tuntun sì lè máa fi ìwé ọ̀kan yẹra fún ìbéèrè èkejì. Mo gbà pé níbi ìpààlà yìí ni a ti ń pàdánù òfin jù lọ ní Èkó.

Ohun kan tún wà tí n kò lè fò kọjá. A lè fi orúkọ àyíká ṣe ìkà. Láàárín ọdún 2016 sí 2017, wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní Ọ̀tọ̀dò Gbàmẹ̀, abúlé àwọn apẹja Ègùn létí ọ̀sà, wọ́n sì wó ilé wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ pé irú ìlénikúrò bẹ́ẹ̀, láìsí ibòmíràn tí wọ́n pèsè fún wọn, tako ẹ̀tọ́ wọn sí iyì ọmọnìyàn. Ìdájọ́ yẹn jẹ́ ara òfin ojú ọjọ́ lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mẹ́nu ba èéfín rárá. Bí omi bá ti ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó máa ní kí àwọn ará Màkókò, Ìwáyà àti Ìlàjẹ ní Bàrígà kó lọ yóò máa pọ̀ sí i. Ẹ̀tọ́ láti bọ́ lọ́wọ́ ìkún omi gbọ́dọ̀ rìn pọ̀ mọ́ ẹ̀tọ́ láti má ṣe di aláìnílé nítorí rẹ̀.

Okùn tó so ìwà mọ́ òfò

Ká wá padà sí ìbéèrè ìyá ẹlẹ́ja. Ohun tí yóò le jù fún agbẹjọ́rò rẹ̀ ni láti fi hàn pé ohun báyìí ló fa omi tó wọ yàrá rẹ̀. Àwọn adájọ́ The Hague pàápàá ní okùn náà gbọ́dọ̀ hàn. Ní Èkó, okùn náà kò ṣe ẹyọ kan. Láti ọdún 1908 ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ńláńlá jọ bí ògiri sẹ́nu ọ̀nà tí ọ̀sà gbà wọ òkun, kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè máa wọlé. Láti ìwọ̀-oòrùn ni òkun ti máa ń gbé iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn ní etíkun wa. Ògiri náà dá iyanrìn dúró sápá kan, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí Victoria Island ní apá kejì, ìyẹn Bar Beach, ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́. Nígbà tí wọ́n wá gba ilẹ̀ Eko Atlantic padà lọ́wọ́ òkun, tí wọ́n mọ odi gìrìwò síwájú rẹ̀, àwọn ará Òkun Alfa tó wà lápá ìlà-oòrùn ń ké pé òkun ti kọjú sí àwọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ru wọ etíkun Kuramo, ó sì gbé ènìyàn lọ. Bu gọ́tà tó dí, ẹrẹ̀ tí wọ́n kọ́lé lé àti ọ̀rá omi píọ̀ lé e, ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́jọ́ yóò rí ẹlòmíràn tí yóò nàka sí.

Àmọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò dúró sójú kan. Lẹ́yìn ìkún omi ọdún 2022, tó pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà tó sì lé mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ kúrò nílé, àwọn onímọ̀ tó ń wo ipa àyípadà ojú ọjọ́ lórí òjò àti ooru ṣírò rẹ̀, wọ́n sì ní ooru ayé ti mú kí irú òjò tó rọ̀ jálẹ̀ àkókò yẹn rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 80. Irú ìṣirò báyìí ti ń wọ ilé ẹjọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kan ní Hamm ní Jámánì lé ẹjọ́ àgbẹ̀ kan láti Peru dànù nítorí pé ewu tó ń bẹ lórí ilé rẹ̀ kò pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ó gbà pé ilé iṣẹ́ tó ń tú èéfín púpọ̀ síta lè jẹ̀bi fún òfò tó ṣẹlẹ̀ ní òdìkejì ayé. Àgbẹ̀ náà kò gba nǹkan kan. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò jẹ oko tó ro.

Èyí tó wà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja lónìí sún mọ́ ilé ju ìyẹn lọ. Kò ní láti pe òjò, kò sì ní láti pe Amẹ́ríkà. Ó lè darapọ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ kan, kí wọ́n gba ilé ẹjọ́ gíga lọ lórí abala 24 àdéhùn Áfíríkà àti abala 34 òfin ọdún 2021, kí wọ́n sì bẹ adájọ́ pé kó pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn láti ṣe ohun tí òfin tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kó ṣe: kó la kànáà náà, kó dá ẹni tó ń da iyanrìn sí i dúró, kó mú ètò tó kọ sílẹ̀ jáde. Ẹ̀rí ni yóò béèrè lọ́wọ́ wọn, àkọsílẹ̀ tó ní ọjọ́ lórí. A kò sì máa ń pa àkọsílẹ̀ mọ́. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Ìgbóṣèrè jóná ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìwé ẹjọ́ ló bá iná lọ, ẹ̀dà tó wà nílé olúkúlùkù nìkan ló gba àwọn ẹlòmíràn là.

Mo sọ gbogbo èyí fún un ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní èdè tó rọrùn ju bí mo ṣe kọ ọ́ yìí lọ. Ó gbọ́ mi parí, ó wọlé lọ mú bíírò, ó nà án sí mi, ó sì fọwọ́ kan ìlà tòkè lára ògiri. Ó rántí ọjọ́ náà dáadáa, nítorí pé ọjọ́ ọjà ni, báàgì ẹja mẹ́rin ló sì bá a lọ. Mo kọ ọjọ́ náà síbẹ̀, mo kọ iye báàgì sábẹ́ rẹ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù mi. A ṣì ń ronú ọjọ́ tí omi fa ìlà àárín.